Ilé Ẹ̀kọ́ Kì í Ṣe ti Ọmọdé Nìkan

Ní ọdún 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè Gánà ṣe òfin kan ní Accra, èyí tí ariwo rẹ̀ kò tó ti òfin owó-orí tàbí ti ìdìbò. Òfin 1055 ni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ẹ̀ka kan tí ó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ di àjọ tí ó dá dúró, tí a ń pè ní Complementary Education Agency. Àwọn tí àjọ yìí wà fún ni àwọn ọmọ tí ilé ìwé fò dá, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pa ìwé tì ní agbede-méjì, àti àwọn àgbàlagbà tí wọn kò mọ̀ọ́kọ, tí wọn kò sì mọ̀ọ́kà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nínú àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 69.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mọ̀ọ́kọ tí ó sì mọ̀ọ́kà. Ẹni tí ó bá rántí bí nǹkan ti rí ní ayé àwọn baba wọn yóò yọ̀ sí iye yìí. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bí ènìyàn mẹ́wàá bá dúró, mẹ́ta nínú wọn kò lè ka lẹ́tà tí a kọ sí wọn. Lára wọn ni obìnrin oníṣòwò tí ó ń tẹ̀ka sí ìwé owó-yíyá láìmọ iye èlé tí a kọ síbẹ̀. Lára wọn ni baba tí a fún ní oògùn ọmọ rẹ̀, tí ó gbàgbé bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni a ní kí ó lò ó lójúmọ́ ni tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí kò sì sí ẹni tí yóò bi ní òru. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Òfin ti wà, àjọ náà sì ti wà. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: níbo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ta ni yóò sì kọ́ wọn? Ibi tí a ó lò kò jìnnà. Ní àdúgbò Accra gbogbo, ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí ènìyàn. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ariwo àwọn ọmọ a gba ibẹ̀ kan. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó ti ẹnu-ọ̀nà. Bẹ́ńṣì a dá wà, pátákó ìkọ̀wé a dá wà, àwọn ìyá àti baba àwọn ọmọ náà a sì máa gba ẹ̀bá ògiri rẹ̀ kọjá lọ sí ilé wọn. Bí ilé bẹ́ẹ̀ yóò bá di ti tọmọdé-tàgbà, ìtàn Gánà fúnra rẹ̀ fi hàn pé òfin nìkan kò tó. Ọwọ́ àwọn ará àdúgbò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kò tí ì parí, ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀kọ́ gbogbo gbòò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kókó inú rẹ̀ ni pé bí a bá ń kọ́ ọmọ tí a kò sì kọ́ òbí rẹ̀, ìtẹ̀síwájú ìlú yóò fà sẹ́yìn. Ní ọdún 1948, a rán ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ lọ sí apá Togoland tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti dán irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ní ọdún 1951, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kwame Nkrumah borí nínú ìdìbò oṣù Èrèlé, a fi ọwọ́ sí ètò kan fún gbogbo ilẹ̀ Gold Coast. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní 1952, ọdún kan náà tí a mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò fún àwọn ọmọ. Bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ní òwúrọ̀ ni a fẹ́ ṣí i fún òbí ní ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é yẹ ní àkíyèsí. Ìjọba kò ní owó tí yóò fi gba olùkọ́ fún gbogbo ìlú àti ìletò. Nítorí náà, ó ké sí àwọn tí ó mọ̀wé díẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n wá kọ́ àwọn ará ilé wọn ní èdè abínibí: Twi, Fante, Ewe, Ga àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni wọ̀nyí ní ọ̀nà ìkọ́ni fún ọjọ́ díẹ̀, a sì fi ìwé alábídí lé wọn lọ́wọ́. Wọn kò gba owó oṣù. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá yege, a ó dá ọjọ́ kan, ìlú a sì pé jọ. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti mọ̀wé a gba ìwé ẹ̀rí níwájú ọba àti ìjòyè, àwọn tí ó kọ́ wọn a sì gba àmì-ẹ̀yẹ kékeré tí wọn yóò fi sí àyà. Ẹni tí ó bá mọ bí iyì ti tó lójú aláwọ̀ dúdú yóò mọ̀ pé àmì kékeré náà kò kéré.

Ètò yìí ṣe ohun ńlá, ṣùgbọ́n ìtara rẹ̀ rọ̀ nígbà tí ó yá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tí ó bá ka ìwé alábídí tán, tí kò rí ìwé mìíràn kà ní èdè rẹ̀, yóò gbàgbé ohun tí ó kọ́. Olùyọ̀ǹda tí kò rí ohunkóhun gbà ní ọdún kìn-ín-ní, tí kò rí i gbà ní ọdún kejì, yóò wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Níbi tí ó sì jẹ́ pé àṣẹ ìjọba nìkan ni ó gbé kíláàsì dìde, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti dẹ́kun wíwá ni kíláàsì náà ń tú ká.

Irú ètò mìíràn wà ní àkókò kan náà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Ní ọdún 1948 ni a dá yunifásítì kọ́lẹ́jì sílẹ̀ ní Achimota, lẹ́bàá Accra. Kò pẹ́ tí ó fi ní ẹ̀ka kan tí ń gbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò nínú ọgbà lọ bá àwọn ará ìlú, David Kimble sì ni ó ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 1949 ni àwọn ará ìlú tí ó fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n pè ní People's Educational Association. Ètò àárín wọn rọrùn: ẹgbẹ́ ni yóò wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti iyàrá tí wọn yóò lò; yunifásítì ni yóò pèsè olùkọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni àwọn akọ̀wé, olùkọ́ ilé ìwé, oníṣòwò àti àgbẹ̀ ń péjọ láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ajé àti ìtàn. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn, wọn kò sì fi gbogbo rẹ̀ wá ipò. Wọ́n fẹ́ mọ bí ilẹ̀ wọn yóò ti ṣe àkóso ara rẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé òmìnira ń bọ̀.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá rántí pé okùn kan so Ibadan mọ́ Accra nínú iṣẹ́ yìí. Robert Gardiner, ọmọ Kumasi, ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kọ́lẹ́jì Ibadan, láti 1949 títí di 1953. Láti ibẹ̀ ni ó ti padà sí ilé láti wá darí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìrànlọ́wọ́ àwùjọ àti ìdàgbàsókè ìlú ní Gold Coast. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ayo Ogunsheye, sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà ní Ibadan. Lalage Bown, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gold Coast ní 1949, wá sí Ibadan ní àwọn ọdún 1960, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn òpó ẹ̀kọ́ àgbà ní ilẹ̀ Áfíríkà kí ó tó kú ní 2021.

Àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù lọ nínú ìtàn yìí kò sí ní Accra. Ìlú Tsito ni ó wà, ní Awudome, ní ilẹ̀ Ewe, níhà ìlà-oòrùn odò Volta. Ìlú ńlá kọ́ ni. Àwọn ará ibẹ̀ ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ People's Educational Association, ẹ̀kọ́ náà sì dùn mọ́ wọn dé ibi pé wọ́n pinnu pé àwọn yóò kọ́ ilé tí àgbàlagbà lè wá gbé fún ọjọ́ mélòó kan láti kẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ ti wọn ni, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ ilé náà. Báyìí ni kọ́lẹ́jì àgbà ti Awudome ṣe dìde ní àwọn ọdún 1950, tí àwọn ènìyàn láti apá mìíràn ní Gánà sì ń lọ síbẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì ni ó wá ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá wọ ọgbà náà ni ó mọ ẹni tí ó fi ọwọ́ gbé òkúta rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá fi òógùn ara rẹ̀ kọ́, kì í dúró kí àlejò wá sọ fún un bí yóò ti lò ó.

Kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni a ti rí irú èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Morris, tí ó jẹ́ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ẹkùn Cambridge, rí i pé owó àwọn abúlé kò tó láti kọ́ ilé ìwé fún ọmọdé, ilé ìkàwé fún àgbà, àti gbọ̀ngàn fún ìpàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí a kó gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ òrùlé kan. Èyí àkọ́kọ́ ṣí ní Sawston ní 1930. Ọmọ a máa lo ibẹ̀ ní ọ̀sán, òbí a máa lò ó ní alẹ́. Bí ilẹ̀ tí ó lówó bá lè rò pé àṣejù ni láti kọ́ ilé tí a ó máa tì pa fún ìdajì ọjọ́, kí ni ó yẹ kí ilẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ṣe?

Lẹ́yìn òmìnira 1957, ìjọba Gánà tẹ̀ síwájú. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1961 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Oore ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo oore ni ó ní òjìji tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wí pé ‘ilé ìwé ìjọba,’ tí wọn kò wí pé ‘ilé ìwé wa’ mọ́. Bí ojú fèrèsé bá já, ìjọba ni a ń retí. Bí olùkọ́ kò bá wá, ìjọba ni a ń bú. Nígbà tí ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mìíràn fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ní 2017, àwọn ọ̀dọ́ ni ojú gbogbo ayé tún wà lára wọn. Àgbàlagbà kò sí nínú ìṣirò.

Àwọn ìgbìyànjú méjì mìíràn wà tí ó yẹ kí a gbé wò. Ní ọdún 1992, pẹ̀lú owó láti Báǹkì Àgbáyé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Gánà. Kì í ṣe a-b-d nìkan ni a ń kọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi mímu, ìtọ́jú aboyún, oko àti òwò wà nínú ìwé náà. Ọdún méjì ó dín oṣù mẹ́ta ni kíláàsì kan ń gbà. Àwọn tí ń kọ́ni jẹ́ olùyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n nígbà yìí, a ń fún wọn ní nǹkan ní òpin iṣẹ́: kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí páànù ìbolé. Ọgbọ́n ni, nítorí pé ẹni tí ó bá ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sin ìlú yẹ kí ó rí nǹkan mú relé. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀bùn bá ti ń ti òkèèrè wá, ó lè pẹ́ dé, ó sì lè má dé mọ́ bí owó àwọn olùrànlọ́wọ́ bá tán.

Ìgbìyànjú kejì bẹ̀rẹ̀ ní ìhà àríwá ní 1995, a sì ń pè é ní School for Life. Orúkọ yìí ní ìtàn tirẹ̀: ní Dẹ́ńmáàkì, ọ̀mọ̀wé Grundtvig ti ń kéde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ó yẹ kí àwọn mẹ̀kúnnù ní ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbésí ayé, èyí àkọ́kọ́ sì ṣí ní 1844. Ní àríwá Gánà, àwọn ọmọ tí wọ́n ń ran òbí lọ́wọ́ ní oko àti nídìí ẹran ni a ṣe é fún. Àwọn ará abúlé ni wọ́n ń yan ẹni tí yóò kọ́ni, láti àárín ara wọn. Wọ́n ń pèsè ibi ìjókòó, wọ́n ń yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ, wọ́n sì ń yan àkókò ọ̀sán tí kò pa iṣẹ́ ilé lára. Èdè ìyá wọn ni a fi ń kọ́ wọn. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ a mọ̀ọ́kọ, a mọ̀ọ́kà, ọ̀pọ̀ wọn a sì wọ ilé ìwé ìjọba láìbẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní. Ohun tí ó jọ Tsito nínú èyí hàn gbangba: àwọn ará ìlú ni wọ́n ń yan olùkọ́, àwọn ni wọ́n ń yan àkókò, àwọn náà ni wọ́n sì ń ṣọ́ iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè sọ pé abúlé ni gbogbo ìwọ̀nyí, pé Accra yàtọ̀. Òtítọ́ ni. Ní abúlé, gbogbo ènìyàn mọ ara wọn. Ní Accra, aládùúgbò lè má mọ orúkọ aládùúgbò. Ìlú àlejò ni Accra láti ìgbà pípẹ́. Kí òfin ìjọba Busia ti oṣù Bélú 1969 tó lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, àdúgbò kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Lagos Town, nítorí àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn ará Nàìjíríà mìíràn tí ó kún ibẹ̀. New Town ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin láti àríwá ni ó wà ní ọjà Makola àti Agbogbloshie tí wọ́n ń ṣe alábàárù, tí a ń pè ní kayayei. Èdè Ga kọ́ ni èdè ìyá wọn. Bí a bá ṣí kíláàsì alẹ́ fún wọn ní èdè tí wọn kò gbọ́, a kò ṣe nǹkan kan. Bí a bá sì ṣí i ní agogo tí wọ́n ṣì ru ẹrù lórí, òfo náà ni. Àwọn fúnra wọn ni ó mọ agogo tí ẹrù ń dín kù ní ọjà.

Ilé ẹ̀kọ́ ìlú ńlá tún há. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Accra ń gba ọ̀wọ́ ọmọ méjì lóòjọ́, òmíràn ní òwúrọ̀, òmíràn ní ọ̀sán, títí àjọ ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alájà láti nǹkan bí ọdún 2010 láti fi òpin sí i. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ó kù fún àgbà. Ìrọ̀lẹ́ ní owó iná nínú, ó ní owó olùṣọ́ nínú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí a bá jí bẹ́ńṣì rẹ̀ ní òru ni yóò jẹ́jọ́, kì í ṣe àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ìdí rèé tí kọ́kọ́rọ́ fi ń wà ní àpò rẹ̀. Kò yẹ kí a bá a wí. Ó yẹ kí a ràn án lọ́wọ́ ni.

Ìrànlọ́wọ́ náà ti ní ọ̀nà nínú òfin. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Gánà ní ìgbìmọ̀ alámòójútó tirẹ̀, èyí tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn òbí, aṣojú ọba àti àwọn ará àdúgbò wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iṣẹ́ tí a fi ń mọ ìgbìmọ̀ yìí ni fífi ọwọ́ sí ìwé ìnáwó. Kò sí ohun tí ó ní kí ó mọ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba kọ́kọ́rọ́ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ni yóò ru ohunkóhun tí ó bá bàjẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà lè máa san owó iná. Àwọn télọ̀, kápẹ́ńtà àti mẹkáníìkì àdúgbò lè fi alẹ́ kan lọ́sẹ̀ kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́, nítorí ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti ìwé nìkan. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì lè padà sídìí pátákó. Àjọ tí òfin 1055 dá sílẹ̀ yóò sì pèsè ìwé kíkà àti ìmọ̀ ìkọ́ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ní ohun tí ọwọ́ ará ìlú kò tó. Ará ìlú náà ní ohun tí ọwọ́ ìjọba kò wọ̀.

Níbi yìí ni ìkìlọ̀ kan yẹ. Kò yẹ kí ìjọba kankan fi ọ̀wẹ̀ ará ìlú ṣe àwáwí láti má san gbèsè tirẹ̀. Ìdájọ́ kọ́ ni pé kí a máa kọ́ ọmọ olówó pẹ̀lú owó ìjọba títí dé yunifásítì, kí a sì ní kí alábàárù fi àánú ẹlòmíràn kọ́ a-b-d. Ìyọ̀ǹda-ara-ẹni ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó ń kọ́ni lálẹ́ ń jẹun, ó ń wọkọ̀, ó ní ọmọ nílé. Ohun tí ó mú ètò ọdún 1952 rọ̀ lè mú ti òní náà rọ̀ bí a kò bá kíyè sí i.

Àwọn ará Nàìjíríà kò lè dúró ní òkèèrè wo ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń wo ìran. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Obafemi Awolowo, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ọ̀pọ̀ ìlú àti ìletò ni ó fi ọ̀wẹ̀ gbé ògiri ilé ìwé wọn dìde. Ọ̀pọ̀ àwọn ilé wọ̀nyí ṣì wà. Àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó níbẹ̀ nígbà náà ti di arúgbó. Ó tọ́ láti bi ara ẹni pé, ní agogo méje alẹ́ òní, ta ni ó wà nínú wọn?

Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ti parí ní ìlú náà. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà kan tí ó di ìwé kékeré mú, tí ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì mú àtùpà dání fún un, a jẹ́ pé òkúta tí àwọn ará ìlú gbé kò gbé lásán.